Yàrá Kẹjọ Ni Kọ̀ǹpútà Mú

[Fóònù dún. Ẹnìkan ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí gbogbo ajá Mushin ń lé.]

RILWAN: Ẹ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé, ẹ káàsán o. Ilé ń kọ́? Yaba ń kọ́? Iṣẹ́ ń—

ỌLÁBỌ̀DÉ: Rilwan, ibo lo wà?

RILWAN: Inú yàrá mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tún fi bẹ́ẹ̀dì dí i.

ỌLÁBỌ̀DÉ: Ọlọ́pàá ni?

RILWAN: Ọlọ́pàá sàn. Àlàájà Sàúdátù ni, ti yàrá kẹjọ. Búrọ́ọ̀ṣì ṣáláńgá ló wà lọ́wọ́ wọn.

ỌLÁBỌ̀DÉ: Kí lo ṣe fún wọn?

RILWAN: Ẹ rántí C, èdè kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ kọ́ mi, tí mo sùn lọ lórí tábìlì yín? Mo fi ṣe program fún ilé wa. Ní gbogbo Sátidé, á mú yàrá kan tó máa fọ ṣáláńgá. Mo ní kò sírú ẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Lánlọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́ fún mi títí tọ́wọ́ wọn fi wú.

ỌLÁBỌ̀DÉ: Kò wá ṣiṣẹ́?

RILWAN: Ó ń ṣiṣẹ́. Àlàájà nìkan ló ń mú. Àwọn tó kù ti gbàgbé bí Izal ṣe ń rùn. Lánlọ́ọ̀dù wá ní, tó bá tún fi lè mú wọn lónìí, èmi ni màá máa fọ̀ ọ́ títí màá fi kó jáde.

ỌLÁBỌ̀DÉ: O ò fi srand, tó ń po nọ́ḿbà pọ̀, sí i?

RILWAN: Mo fi sí i. Ọjọ́ ìbí mi ni mo kọ sínú ẹ̀.

ỌLÁBỌ̀DÉ: Ọjọ́ ìbí ta?

RILWAN: Tèmi. Kórí mi lè bá a ṣiṣẹ́.

[Ìlà ń hó bí epo àkàrà.]

ỌLÁBỌ̀DÉ: Ṣé o gbọ́ mi?

RILWAN: Mo gbọ́ pé ẹ dákẹ́.

ỌLÁBỌ̀DÉ: Nọ́ḿbà tó o bá fún un ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbí ẹ kì í yí padà, ibi tó ń já sí náà ò ní yí. time(NULL) ni kó o fi síbẹ̀, kó máa bẹ̀rẹ̀ látorí aago. Ẹ̀ẹ̀kan péré, níbẹ̀rẹ̀ program náà. Má gbé e sínú loop, ibi tó ti ń ṣe ohun kan náà léraléra—

RILWAN: Ẹ rọra, orí mi ò ju agolo mílíìkì lọ.

[Ilẹ̀kùn: gbà, gbà, gbà.]

ÀLÀÁJÀ: Rilwan, jáde wá tẹ̀ ẹ́ níṣojú wa.

RILWAN: Mò ń bọ̀, Àlàájà mi. Ẹ̀gbọ́n, mo ti tún un ṣe. Ẹ má pa fóònù.

[Bẹ́ẹ̀dì ń wọ́ nílẹ̀. Ilẹ̀kùn han. Ariwo èrò.]

RILWAN: Gbogbo ilé, ẹ súnmọ́ bí. Mo tẹ̀ ẹ́.

[Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín.]

ỌLÁBỌ̀DÉ: Kí ló mú? Ṣé o gbọ́ mi?

RILWAN: Yàrá kẹjọ.

ỌLÁBỌ̀DÉ: Ka ohun tó o kọ fún mi.

RILWAN: srand, time, NULL. Ẹ̀ẹ̀kan. Kò sí nínú loop.

ỌLÁBỌ̀DÉ: Ó ti dáa nìyẹn. Random ò rántí ẹni tó mú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì lè tún un mú.

RILWAN: Ẹ bá mi ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn.

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.]

ỌLÁBỌ̀DÉ: Ẹ káàsán, mà. Àwọn tàtẹ̀yìnwá, àṣìṣe Rilwan ni. Tòní yìí, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó kàn mú yín ni.

ÀLÀÁJÀ: Ó kàn mú mi.

ỌLÁBỌ̀DÉ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÀLÀÁJÀ: Rilwan, gba búrọ́ọ̀ṣì.

RILWAN: Mo ti gbà á, mà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, níbo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣé ògiri ni àbí—

[Ìlà já.]