Agogo Méjì Kúkúrú, Ọ̀kan Gígùn

Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa, Olóyè Ọlọ́runnísọ̀lá, ẹ̀yin lẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ kí. Ẹ̀yin àgbà Odigbo, ẹ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ lórí ìdúró, orúnkún mi kò gbà fún mi mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gun alùpùpù wá láti Omifunfun àti Araromi-Obu, ẹ kú eruku. Mùsbáù, ìwọ àtàwọn awakọ̀ rẹ tẹ́ ẹ pa gáréèjì Ore tì nítorí mi, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìfaradà mi láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Akínwọlé tẹ́ ẹ ń pè ní Bàbá Tẹlifóònù fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì mi yìí, mo sì bẹ̀ yín kẹ́ ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́.

Ogún ọdún ni mo fi jókòó nídìí ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ nínú ọ́fíìsì yìí. Adédoyin ìyàwó mi máa ń sọ pé èmi àti agogo la jọ fẹ́ra, pé òun kàn ń bá wa gbélé ni. Ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: wáyà kan ṣoṣo ló so gbogbo wa pọ̀. Ẹni tó bá gbé fóònù lábúlé, Odigbo níbí ni yóò bá sọ̀rọ̀. Tí àwa bá wá yí ọwọ́ ẹ̀rọ, agogo á dún níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe dún ni olúkúlùkù fi ń mọ̀ bóyá òun là ń pè. Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, gáréèjì Ore nìyẹn. Ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e.

Lọ́dún tí ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sápù wọlé tí nǹkan gbogbo gbówó lórí, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kú. Àwọn oníṣòwò kan gbé òmíràn wá láti Eko, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n òjé ni wọ́n fi dí ìdérí rẹ̀, òṣìṣẹ́ tiwọn nìkan ló lè tú u. Lawrence aláriwo, tó ń tún rédíò ṣe ní Ore, náà kan tirẹ̀ sínú pákó. Ó ya bí wáyà inú rẹ̀ ṣe lọ sórí ìwé, ó kọ agogo ibi kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá lè kàwé tún un ṣe, kó sì fi tirẹ̀ kún un. Ẹ ní kí n yàn, ti Lawrence ni mo yàn. Nígbà tí ẹ̀rọ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó ra ti Eko kú torí pé irin rẹ̀ kò wọlé láti òkè òkun mọ́, tiwa ń sọ̀rọ̀. Alága ti fi ìyẹn yìn mí lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ìyìn náà dùn, ṣùgbọ́n kò tọ́ sí mi.

Ṣé ẹ rántí bí ìjọba ológun ṣe ń dá òṣìṣẹ́ dúró nígbà náà? Ẹ̀rù bà mí. Ràhmọ̀t, ọmọ Alfa Gàzálì, tẹ́ ẹ fi ṣe igbákejì mi, ti ka ìwé Lawrence títí ó fi mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Kí lẹ tún fẹ́ fi mí ṣe? Mo yọ ìwé náà kúrò lára ògiri, mo tì í mọ́ àpótí, mo ní eku ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo yí agogo gáréèjì padà sí mẹ́ta kúkúrú. Mo sọ fún Mùsbáù pé ti àtijọ́ kì í ṣe tiwọn mọ́. N kò sọ fún Ràhmọ̀t. Mo fẹ́ kó ṣàṣìṣe díẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí i pé èmi lẹ nílò.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni mo lọ sìnkú àna mi ní Okitipupa. Ọjọ́ náà ni Monílọ́lá ń rọbí ní Omifunfun, tí ọmọ dábùú. Elisha ọkọ rẹ̀ gbé fóònù, ó ní kí ọkọ̀ tètè máa bọ̀. Ràhmọ̀t yí méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, ó yí i títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Mùsbáù ń gbọ́ ọ ní Ore, ó ní kì í ṣe tàwa, torí bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Orí alùpùpù ni wọ́n gbé Monílọ́lá dé ilé ìwòsàn. Òun yè. Ọmọ náà kò yè.

Nígbà tí mo dé, tẹ́ ẹ bi mí, mo ní Ràhmọ̀t ló yí i ṣì. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ lé e lọ sídìí òṣùwọ̀n kòkó, ọdún mẹ́ta rèé. Kò bá mi jà. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ pé, “Ẹ káàárọ̀ o, bàbá.” Adédoyin nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún. Òun ló wá sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé tí n kò bá sọ ọ́ lónìí, òun á dìde sọ ọ́.

Monílọ́lá, mo rí ọ lẹ́yìn yẹn. N kò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́, mo kàn fẹ́ kí o mọ ẹni tó ṣe é ni. Elisha, bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá fẹ́ rí mi mọ́, mo gbà. Mùsbáù, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ó ku díẹ̀.

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ mi, pé lọ́la lẹ ó buwọ́ lùwé láti ra ẹ̀rọ olójé ti ará Eko. Ẹ má rà á. Ẹ̀rọ tó wà ńlẹ̀ kò ní àléébù, èmi ni mo fi òjé dí i. Bẹ́ ẹ bá ra tiwọn, tó kú lọ́jọ́ tí aboyún ń pè, ta ni yóò tú u? Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ń bẹ nídìí òṣùwọ̀n, ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀, èmi ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀.

Ìwé Lawrence rèé. Eku kò jẹ ẹ́. Ràhmọ̀t, bọ́ síwájú wá gbà á. Jọ̀ọ́, má kúnlẹ̀ fún mi lónìí. Ìta ni kí o kàn án mọ́, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè kà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run tí à ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ pè kí wọ́n má dá yín lóhùn. Kòkó yín á so, ẹ ó sì tà á lójú ẹ̀mí yín. Aboyún ilé àti t'oko á fọwọ́ sosùn. Bí Ọlọ́run bá gba àdúrà lẹ́nu mi, kí Ó fi ọmọ mìíràn tu Monílọ́lá àti Elisha nínú.

Mùsbáù, mo ti pa mẹ́ta kúkúrú rẹ́ láàárọ̀ yìí. Láti òní lọ, tẹ́ ẹ bá gbọ́ méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, bí Ràhmọ̀t ṣe yí i lọ́jọ́ náà, ẹ dìde. Ẹ̀yin là ń pè. Mo dúpẹ́ o.