Ọwọ́ Ìyá Ìbùkún Kọ́ Ló Ba Omi Jẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó sí mi láyà láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Èmi tí wọ́n ń pè ní rédíò àdúgbò, tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mi ò rí sọ. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí ọmọ tuntun kan tí mò ń wẹ̀ láràárọ̀, tí kò sì yẹ kó jẹ́ èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gẹ́ lílọ̀ ni mo fi ń jẹun, ní abúlé kan lọ́nà Ìjan-Èkìtì. Bí a bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, a ó dì í sápò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro dànù kó tó di gàrí. Omi yẹn ò dáa. Ó kan, ó ń rùn, koríko tó bá sì kàn á gbẹ ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Adó. Àwọn ló gbẹ́ kòtò mẹ́ta sẹ́yìn ẹ̀rọ. Omi ẹ̀gẹ́ á sinmi nínú àkọ́kọ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, á gba inú òkúta àti yanrìn kọjá nínú ìkejì, á wá rọra rin wọ ilẹ̀ nínú ìkẹta, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mà á ní, "Bàbá Tóbi, odò ń bẹ nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá ń gbẹ́ sàréè fún omi ẹ̀gẹ́!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lóòótọ́ ni odò ń fọ ara rẹ̀. Ó ń sáré lórí òkúta, atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí á sì máa jẹ ìdọ̀tí náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kòkòrò náà ń mí bíi tiwa. Bí ìdọ̀tí bá ti pọ̀ ju omi lọ, wọn á mí gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ tán, ẹja á sì kú.

Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, kòtò kún. Ẹrẹ̀ rẹ̀ ń rùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó o, èmi gan-an ò sì fẹ́. Mo mú ọkọ́, mo la ojú omi láti ìdí jáàkì gba abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sódò tààrà. Mo ní odò ṣáà ń fọ ara rẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo mú, mo fi ìdajì sílẹ̀. Nígbà òjò kò sẹ́ni tó fura, torí omi pọ̀, ó ń gbé e lọ.

Àfi bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe dé tí odò fà. Omi funfun bí omi ògì, ó ń hó, ẹja ń léfòó. Ìsàlẹ̀ odò yẹn ni ìjọ wa ti ń pọn omi àdúrà, Ìyá Ìbùkún ló sì ń pọn ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹgbẹ́ mi ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ṣòwò lọ́dọ̀ wa tó sì fìdí kalẹ̀. Òun ló máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ilé ní ulé!" Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé inú kòtò ọkọ mi ni omi ẹ̀gẹ́ ń lọ. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan ló wọ inú omi.

Wòlíì wa kéde ààwẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tí nǹkan bá wà lọ́kàn rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti la ẹnu. Ìyá Ìbùkún ló ṣáájú mi dìde. Ó ń sunkún. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun àti àbúrò òun ti ń bá ara wọn yan odì, pé ọwọ́ tí òun fi di kùnrùngbùn náà mú lòun fi ń pọn omi Ọlọ́run. Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kó fi iṣẹ́ omi sílẹ̀, kó lọ parí ìjà náà. Mo pa ẹnu mi dé.

Ibi tí orí mi ti dàrú nìyí. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Nígbà tí àwọn èèyàn wà lóko, mo dí ojú omi yẹn pa, mo fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ kòtò fúnra mi, mo dá omi ẹ̀gẹ́ padà síbẹ̀. Mo rò pé mò ń tún nǹkan ṣe ni. Kò pẹ́ púpọ̀, odò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ó ń fọ ara rẹ̀ bí ọkọ mi ṣe wí. Ni gbogbo ayé bá ní, "Ẹ ò rí i? Ìyá Ìbùkún fọwọ́ kúrò, omi mọ́!"

Àtúnṣe tí mo ṣe ló dá a lẹ́bi. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú èyí rí?

Àbúrò rẹ̀ sì padà wá o. Wọ́n jọ ń jẹun báyìí. Ọ̀rẹ́ mi jẹ́rìí nínú ìjọ, èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ní ṣebí ire ló já sí, kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí Ìbùkún, ọmọ rẹ̀, wá bímọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun. Ọ̀rẹ́ mi ò fọwọ́ kan omi. Ó ní ọwọ́ òun ń ba omi jẹ́, òun ò ní fi kan ọmọ-ọmọ òun. Èmi ló ránṣẹ́ sí. "Ìyá Tóbi, wá bá mi wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tìẹ mọ́."

Yéè! Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo ń wẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń fi oríkì kì í látòkèèrè.

Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ìjà òun àti àbúrò rẹ̀ ò ní padà? Ṣé kò ní dà bíi pé ó sunkún lásán níwájú Ọlọ́run? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ta ni yóò dá ọwọ́ rẹ̀ padà fún un? Mo rò ó títí, kò yé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n tún ń retí mi. Omi á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kànrìnkàn á ti wà nílẹ̀, òun náà á sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí á máa bẹ Ọlọ́run pé kó bù kún ọwọ́ mi.