Tí Ẹni Tó Yẹ Kó Làjà Bá Bọ́ Ẹ̀wù

Inú mi ṣì ń dùn nítorí ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ yìí, níbi tá a ti tò fún búrẹ́dì gbígbóná l'Ágége, lẹ́yìn ìyá kan àti bàbá alápatà kan láti Oko Ọba.

Ìyá ní, "Kúwéètì lọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ bárékè sójà Amẹ́ríkà ló ń gbé. Tí Amẹ́ríkà bá lè dá sí ìjà Ìráànì yìí, ibẹ̀ ni mísáìlì máa já sí."

Bàbá mi orí. "Tí ẹni tó yẹ kó làjà bá bọ́ ẹ̀wù, ta ló máa wá là wọ́n?"

Háà, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Bàbá tún ní, "Ṣé ẹ ti ki oríkì ẹ̀ fún un láàárọ̀ yìí?"

"Kò gbé fóònù."

"Ẹ ki oríkì ẹ̀ sórí WhatsApp. Tó bá ti jí, á gbọ́."

Ìyá gbé fóònù sẹ́nu: "Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ará Ògbómọ̀ṣọ́..."

Kò pẹ́ ni fóònù dún. "Mọ́mì, mo ti gbọ́. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà."

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ wíńdò lo wà? Kúrò níbẹ̀ ná, ọkọ mi, kó o lọ kúnlẹ̀ níbòmíì."