Ìbọn Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè mí ní aṣiwèrè obìnrin bí mo bá sọ fún yín pé mo ń dúpẹ́ nítorí ìbọn tó ba ẹsẹ̀ ọkọ mi jẹ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí a jọ mu ọmú ìyá kan náà, ni ìbọn ọ̀hún wà nígbà tó dún, ẹsẹ̀ ọkọ mi sì ni ọta bà. Bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọkọ mi wà níta, ó ń fi àdí pa orúnkún, ó ń bá àwọn tó ń kọjá lọ ṣàwàdà. Ara tirẹ̀ ti yá. Ẹ̀gbọ́n mi tí ọta kankan kò kàn ni kò gbádùn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi ẹsẹ̀ kan ilé wa ní Ìsẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í jókòó ti ọkọ mi bí wọ́n bá pàdé. Ìbànújẹ́ mi kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó tó mi í rù.

Ọmọ Èmùré ni mí, Ìsẹ̀ ni mo ti lọ́kọ. Oko kòkó ọkọ mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi pààlà ní ààrin ìlú méjèèjì, nítorí náà a máa ń ríra ju bí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń rí ará ilé wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe olórí àwọn lébìrà fún òyìnbó kan tó ń gé gẹdú nínú igbó wa. Nígbà tí òyìnbó náà fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó ta ìbọn rẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi lọ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀, ó sì gbé e wá sí oko wa ní ọjọ́ kan tí à ń fọ́ kòkó, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwa mẹ́rin ló wà níbẹ̀: èmi, ọkọ mi, ìyá ọkọ mi àti òun.

Ìbọn kúkurú báyìí ni. Lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀ ni igi kan wà tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń tì síwájú. Bí wọ́n bá ti fà á tì í, kátíríìjì, ìyẹn páálí ọta àti ẹ̀tù, tí wọ́n ti yìn á fò jáde, òmíràn á bọ́ sí ipò rẹ̀. Márùn-ún ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi gbà á wò, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì fún un padà. Ṣakabùlà tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni òun mọ̀, ìbọn gígùn tí à ń rọ ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí à ń fi ọ̀pá kì, tó ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbọn gígùn a máa há sínú ìtàkùn, pé òun kò rí ìdí tí ọdẹ yóò fi máa bá igi jà kó tó bá ẹran jà. Ó ní òjò kì í tètè ba kátíríìjì jẹ́ bó ti ń ba ẹ̀tù jẹ́, èéfín rẹ̀ kì í sì í dí ni lójú. Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá bàjẹ́ ńkọ́? Alágbẹ̀dẹ wo ní Ìsẹ̀ ni yóò tún un ṣe? Bí kátíríìjì bá tán, Àkúrẹ́ lẹ máa sáré lọ, ẹran á dúró dè yín?" Ó tún ní ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú tó báyìí, ọta rẹ̀ á tètè fọ́nká, kò ní mọ ibi kan bà. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé òótọ́ ni. Èmi náà dá sí i. Mo ní kí wọ́n ro ti èmi tí mo ń se ẹran, nítorí àfọ́kù irin tí wọ́n ń kó sínú ṣakabùlà ti ká mi léyín kan. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọta ti òun rí róbótó, pé n óò kàn máa ṣà á bí òkúta inú ẹ̀wà.

Ìyá ọkọ mi ló sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù. Kò gbé ojú sókè kúrò lára kòkó tó ń fọ́. Ó ní, "Ùbọn tí à ń yìn léraléra kò dáa nínú ulé. Bí ọkùnrin méjì bá ń jà, tí ọ̀kan yìn tí kò bà, kó tó wọn ẹ̀tù mìíràn, kó tó kì í, àwọn ará ulé á ti là wọ́n. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá yìí kò fún ìbínú láyè kó tutù." Ṣé irọ́ ni màmá pa? Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kó máa gbàdúrà fún àwọn. Nígbà tó dìde, ó sọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ó ní, "Kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n o. Bí ùbọn yìí bá dún lẹ́ẹ̀kan, kò tíì tán." Ọkọ mi mi orí. Etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń dẹ̀gbẹ́ lọ́dọ̀ wa fún ẹni tí kò mọ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn ọkùnrin bá jáde nítorí ẹran tó ń ba oko jẹ́, àwọn kan á wọ inú igbó pẹ̀lú ajá àti àdá, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa lé ẹran bọ̀. Àwọn oníbọn á dúró níwájú dè é. Bí ìbọn bá ti dún tí ẹran sì ṣubú, àwọn tó ń lé e á sáré jáde, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àdá kan ẹran ni wọ́n ń fún ní àyà rẹ̀. Ìbọn tó dún ti di igi lásán ní ọwọ́ ẹni tó mú un, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bani mọ́. Bí bàbá wọn ti ń ṣe é nìyẹn, bí àwọn náà ti ń ṣe é láti ìgbà èwe nìyẹn. Ọkọ mi ló sì máa ń gba àyà ẹran. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá púpọ̀. Mo fẹ́ràn láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá ti ń sáré lọ sí ìsìn bó ti ń sáré lọ sídìí ẹran ni, wọn ì bá ti fi í jẹ alàgbà.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà, túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, kò jẹ́ kí a rí imú mí. Wọ́n hú ẹ̀gẹ́, wọ́n hú iṣu, wọ́n fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbin nǹkan mìíràn sí i. Àwọn ọkùnrin Ìsẹ̀ àti Èmùré bá para pọ̀, wọ́n jáde ní òwúrọ̀. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń lé ẹran, ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn oníbọn. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì takora. Akọ túùkú ńlá kan ló jáde. Ẹ̀gbọ́n mi yìn ín, ó ṣubú. Ọkọ mi gbọ́ ìró ìbọn, ó rí ẹran nílẹ̀, ó sì bẹ́ jáde látinú igbó pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Etí rẹ̀ ti gbọ́ pé ìbọn ọ̀hún kò tíì tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́.

Ẹran náà dìde. Ọgbẹ́ ti mú un bínú, ọkọ mi ló sì kọjú sí. Ẹni tó bá ti rí ehín akọ túùkú mọ ohun tó lè ṣe sí itan ènìyàn. Ọkọ mi ní òun fẹ́ yà, ìtàkùn mú òun lẹ́sẹ̀, òun sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fa ìbọn, ó ti tì í. Ó ń wo ẹran, ó ń wo ọkọ àbúrò rẹ̀, àyè tó wà láàrin wọn kò tó nǹkan. Bó bá yìn ín, ọta lè bá ọkọ mi. Bí kò bá yìn ín, ẹran á pa á. Ó ní òun pe orúkọ Ọlọ́run, òun sì yìn ín. Túùkú ṣubú lé ọkọ mi lẹ́sẹ̀, kò sì mira mọ́. Ṣùgbọ́n ọta tí ọkọ mi ti sọ pé yóò tètè fọ́nká fọ́nká lóòótọ́, díẹ̀ lára rẹ̀ sì wọ orúnkún àti ojúgun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ju ìbọn sílẹ̀, ó gbé e pọ̀n lẹ́yìn bí ọmọdé títí dé ojú títì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Lọ́rì tó ń kó kòkó ló gbé wọn dé ọsibítù.

Dókítà yọ ọta tó lè yọ, ó ní èyí tó kù yóò máa bá a gbé. Mo sunkún dé ibi pé ohùn mi há. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí ọkọ mi tó ń mí. Ìyá ọkọ mi dé, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ọmọ mi kì í ṣe ẹran." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò bá a jà, nítorí ìyá ni. Ta ni kì í ṣìsọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ bá wà nílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kí gbogbo wa, ó jáde, ó sì ń rìn lọ láìwẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, ó ti fi ìbọn kọ́ sí ara ògiri, kò jáde lọ ṣọdẹ mọ́. Túùkú ń ṣe bó ti wù ú ní oko wọn ní Èmùré, àwọn ènìyàn ń bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń fi iṣu rán awakọ̀ sí wa, iṣu tó dára, bí ẹni tó ń san ìtanràn. Èmi a gún un níyán, ọkọ mi a jẹ, ìyá ọkọ mi náà a jẹ. Ìyá tó ní nígbà tí a ti ọsibítù dé pé kí wọ́n lọ sọ ìbọn náà sódò ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ dà? Kí ló dé tí kò wá sí ulé mọ́?" Mo wò ó, mo kàn bu ọbẹ̀ kún tirẹ̀. Inú mi dùn ju bí mo ti lè sọ lọ.

Ẹ óò bi mí pé ìhà wo ni mo wà nípa ìbọn ọ̀hún nísinsìnyí. Mo ti gbé e wò lọ́kàn títí ó fi sú mi. Ká ní ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọta kankan kì bá tí wọ ẹsẹ̀ ọkọ mi, òótọ́ ni. Ǹ bá sì ti di opó. Ohun tó ṣe é léṣe náà ló gbà á là, ìyìnbọn kan náà ni. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ kò ronú púpọ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, gbogbo ara yòókù ni wọ́n fún mi." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú ọkọ báyìí. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ra ìbọn tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ́ bí wọ́n ti ń yìn ín ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ fi kọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń bá yín dẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, kí ó mọ̀ pé ìró kan kì í ṣe òpin mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi ti sún un síwájú. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, pé òun kò ní dúró níwájú pẹpẹ láìsí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. A ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí a máa ṣe é, pé ẹni tó yin ènìyàn níbọn kì í jó níbi ìdúpẹ́ onítọ̀hún. Báwo ni wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi?

Àná ni ọkọ mi sọ fún mi pé lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè tó ń bọ̀, òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Èmùré. Dókítà ti ní kó má rìn jìnnà. Mo ní kó wọ lọ́rì. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, bí mo bá wọ lọ́rì, kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa rí? Òun kò lè wá wo ẹsẹ̀ yìí, n óò gbé e lọ hàn án. Jẹ́ kó dúró sí ẹnu ọ̀nà ulé rẹ̀, kó rí i pé mo ń rìn bọ̀." Ẹ̀yin tí mo ti rò fún, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sọ́ńdè tó dé. Ṣé kí n fi igbe dá a dúró ni, àbí kí n ru omi, kí n máa rìn lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀?