Àyẹ̀wò Tí Wọ́n Ṣe fún Àwọn Erin

Orí ìlà àyẹ̀wò jẹnotáìpù, ní láàbù kan ní Àgọ́ Palace l'Ékòó, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lóun ń ṣiṣẹ́ nínú igbó erin ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

"Ìgbẹ́ wọn la máa ń ṣà lọ fún àyẹ̀wò, mà. A kì í fọwọ́ kàn wọ́n rárá, àyẹ̀wò náà á sì sọ èyí tó bí èyí."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ ìyá ló ń gun ọmọ ìyá."

"Èèwọ̀ nìyẹn."

"Àìsàn ló máa ń bí, mà."

"Ẹ wá akọ fún wọn níbòmíì."

"Oko kòkó ti gba ọ̀nà tí akọ ìbá gbà wá. Tá a bá sì fi ọkọ̀ gbé e, ó lè kó àrùn wá bá wọn. Àwọn àgbẹ̀ la ṣì ń bẹ kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀."

Ìyá náà sún síwájú lórí ìlà.

"Irú àyẹ̀wò tá a tò fún yìí ló ní kí ọmọ mi fi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Kò kàn bá a wá ẹlòmíì ni."