Agolo Kan fún Ọmọ Márùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi Bùnmi kò tí ì bọ́ bàtà tán nílé Ìyá Àgbà tó ti ń ka òfin. Ó gbé Tóbi, ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, sórí àga, ó fi fóònù lé e lọ́wọ́. Wọ́n ti dá ọmọ náà padà nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi nítorí ó ń bu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Wọ́n ní tí kò bá jáwọ́, kó má padà wá mọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe ń bá mi tọ́jú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bá Èsì, ọmọ ilé kejì, ṣeré. Gbogbo ohun ìṣeré rẹ̀ wà nínú àpò yìí."

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, gba fóònù náà. Wọ́n fa Tóbi lọ́wọ́ jáde sí àgbàlá, níbi tí Èsì ti ń fi agolo mílíìkì bu iyanrìn. Wọ́n padà wọlé.

"Jókòó. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ṣé àwa náà ò ní ọmọ tó ń buni jẹ ni? Lẹ́yìn ìsọ̀ aṣọ ìyá wa ní ọjà Adawlato, ẹní kan ni wọ́n máa ń tẹ́. Ọmọ márùn-ún lórí ẹ̀. Agolo kan. Ṣé o gbọ́? Agolo kan ṣoṣo... Dada Afí ló ń bá wa tọ́jú wọn, obìnrin ẹ̀yà Mina kan, wọ́n ti kú tipẹ́. Mo mú agolo kejì wá lọ́jọ́ kan, mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, 'Tí kálukú bá ní tiẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ bá ara wọn sọ?'

"Kí ni wọ́n fẹ́ bá ara wọn sọ, Bùnmi? Ẹ̀yin ayé ìsinsìnyí... ọmọ kan, ọkọ̀ ìṣeré mẹ́wàá, fóònù, ilẹ̀kùn títì. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan. Ọwọ́ ta ni kó ti tọrọ ẹ̀? Lọ́wọ́ ògiri?

"Ọmọ kan wà lórí ẹní yẹn, eyín ẹ̀ bí ti eku. Kò sẹ́ni tí kò bù jẹ. Dada Afí ò nà án. Wọ́n kàn gbé agolo fún un, wọ́n ní ó ti di tiẹ̀. Àwọn yòókù sún kúrò, wọ́n ń fọwọ́ se ọbẹ̀ iyanrìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan jókòó ti agolo. Ó pẹ́ o... Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbé e lọ bá wọn. Bàbá rẹ ni."

"Bàbá mi?"

"Bàbá rẹ tí àwọn tó ń já ẹrù ní pọ́ọ̀tù máa ń wá pè kó wá bá wọn parí ìjà. Òun náà ni. Ìwọ wá ń ti ọmọ-ọmọ ẹ̀ mọ́lé."

Èsì ké níta. Bùnmi sáré dé ẹnu ọ̀nà. Tóbi ti já agolo gbà, ó ti lanu. Bùnmi fẹ́ jáde, Ìyá Àgbà di ìró rẹ̀ mú.

Èsì kẹ̀yìn sí Tóbi, ó ń fọwọ́ kó iyanrìn jọ. Tóbi pa ẹnu dé. Ó wo Èsì, ó wo agolo. Ó rìn yí ká dé iwájú Èsì, ó sì na agolo náà sí i.

Bùnmi gbé àpò ohun ìṣeré kọ́ èjìká, ó gba fóònù lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gba ẹ̀yìn ilé jáde kí ọmọ náà má baà rí i.