Bí Mo Ṣe Fi Bàálù Sí Fíríì Lórí Òkun Pupa

Ẹ̀yin ará Kemta, ẹ̀yin ará Láfẹ́nwá tá a jọ máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n ní Mùs'áb ṣe nínú ilé mi, ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa. Irọ́ ni. Èmi Jùbrílù tẹ́ ẹ ń pè ní Bàbá Onílọ́rì ni mo ṣe é, èmi náà ni mo tún jókòó bí adájọ́ tí mo dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi. Ara mi le o, ikú ò tíì ránṣẹ́ sí mi, oúnjẹ ń wọlé dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, tí mo bá gbé e mì, inú ló máa gún, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ yọ ọ́ lójú gbogbo yín. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, èmi gan-an ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí.

Abdulkabir ọmọ mi ọkùnrin, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, àárọ̀ kùtù ló ń jáde, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó wọlé. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Mùs'áb, ọmọ dáadáa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kọ́bapẹ́, wọ́n fẹ́ràn bàálù ju oúnjẹ lọ. Ni wọ́n bá sọ yàrá ẹ̀yìn ilé mi di bàálù. Kì í ṣe èyí tó ń fò o. Kọ̀ǹpútà ni, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n ńlá níwájú, sítíárìn lórí tábìlì, ibi ìtẹ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀, àti ọ̀pá kéékèèké mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Ọ̀kan ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, ọ̀kan wà fún fáànù iwájú, ọ̀kan sì ń ṣí epo, òun náà ló ń tì í. Tẹ́ ẹ bá jókòó síbẹ̀, ẹ máa rí ilẹ̀ àti odò àti òrùlé ilé nísàlẹ̀ bí ẹni pé ẹ wà lókè lóòótọ́. Mo kọ́kọ́ pè é ní géèmù. Abdulkabir ní kì í ṣe géèmù, ó ní bí bàálù gidi ṣe ń ṣe ni èyí ń ṣe, téèyàn bá ṣì í lò, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á bàjẹ́, kọ̀ǹpútà á sì rántí pé ó ti bàjẹ́. Kò sí pé èèyàn ń pa á, ó tún ń tàn án, kó ní òun ti rí tuntun.

Bàálù akẹ́rù kékeré ni wọ́n ń wà, ẹ́ńjìnnì kan, fáànù kan nímú. Wọ́n pinnu pé àwọn máa wà á láti Èkó dé Jídà, ọ̀nà táwọn bàbá ńlá wa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà: Kánò, Màídúgùrì, Ṣáàdì, Sùdáànì, kí wọ́n tó wá ré Òkun Pupa kọjá. Ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fò, bó ṣe máa pẹ́ bàálù gidi lójú ọ̀nà náà ló ń pẹ́ wọn. Òfin kan ni wọ́n ṣe: bàálù ò gbọ́dọ̀ já. Tó bá já, ìrìn àjò ti bàjẹ́, Èkó ni wọ́n á ti tún bẹ̀rẹ̀. Èmi náà wá di èrò ọkọ̀. Màá gbé àga mi sẹ́yìn wọn, ìyàwó mi Àlímátù á gbé ẹ̀pà sísè wá, ọmọbìnrin mi Lubabah tó ń ṣe tíṣà á wá fara ti ilẹ̀kùn, á ní bàálù lòun ń wò, Mùs'áb ló sì ń wò. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe àṣírí. Àwọn òbí Mùs'áb ti wá kí wa, a ti ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tá a máa so yìgì.

Kí n tó máa ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Láfẹ́nwá, dírẹ́bà lọ́rì ni mí. Mo ti wà á dé Kánò, mo ti wà á dé Sókótó, àmọ́ mi ò dé Mẹ́kà rí. Ọdún tí mo bá ti ní màá lọ, nǹkan kan á yọjú: ọmọ á wọ iléèwé, òrùlé á ṣí. Bí bàálù àwọn ọmọ yìí ṣe wá ń sún mọ́ Jídà, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi ń gbóná. Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n gúnlẹ̀ sí Pọ́ọ̀tù Sùdáànì tó wà létí òkun, wọ́n ní ó di Sátidé káwọn tó ré omi náà, wọ́n sì pe àwọn ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n wá wò ó. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n di sítíárìn mú fúngbà díẹ̀. Ojú tì mí. Èmi onírùngbọ̀n funfun, kí n máa bẹ ọmọ mi fún nǹkan ìṣeré? Ẹ wo ìgbéraga arúgbó. Ká ní mo béèrè ni, tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọn ì bá fi dìde fún mi.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ku èmi nìkan nílé. Mùs'áb yà lọ́sàn-án, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà lẹ́bàá ọ̀nà Kọ́bapẹ́ wá fún Lubabah. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi, ó lọ. Bó ṣe lọ báyìí ni mo wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo tan kọ̀ǹpútà, bàálù wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Bí mo ṣe máa ń rí i lọ́wọ́ wọn, mo tẹ bátìrì, mo tẹ sítátà, mo wá dúró. Ibẹ̀ lọgbọ́n wà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ tètè ṣí epo sí i. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á pọ̀ jù nínú ẹ̀, á sì jó o. Mo ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bó ṣe ń yí, ó ń gòkè, ó ń gòkè, mo wá rọra ti ọ̀pá epo síwájú. Ẹ́ńjìnnì dún fùùù. Abẹ́rẹ́ ooru ta sókè, ó tún padà wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo ti fáànù síwájú, mo fún un lágbára díẹ̀díẹ̀, nítorí téèyàn bá fún un ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ́ńjìnnì á fara pa. Ó sáré, mo fa sítíárìn mọ́ra, mo ní Bísímílà, ilẹ̀ sì fi wá sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá lókè Òkun Pupa, pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀.

Mo lọ títí, mo wá rí etíkun òdìkejì. Jídà nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti bàjẹ́. Ẹ̀yin dírẹ́bà àtijọ́, ọ̀rọ̀ mi máa yé yín. Tá a bá gbé ẹrù dé orí òkè, tí ọ̀nà wá dagẹ̀rẹ̀, kí là ń ṣe? A ó yọ gíá, a ó pa ẹ́ńjìnnì, lọ́rì á máa yí lọ fúnra ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Fíríì là ń pè é. Epo tá a bá tipa bẹ́ẹ̀ ṣọ́, èrè wa ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé dírẹ́bà tí ò bá mọ fíríì, onílé epo ló ń bá ṣiṣẹ́. Bàálù wá ń dagẹ̀rẹ̀ lọ bíi lọ́rì, ọwọ́ mi ò sì dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ orí mi mọ́. Mo fa ọ̀pá epo sẹ́yìn pátápátá.

Ariwo dáwọ́ dúró. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe ń lọ láìmu epo. Fáànù wá rọra dúró, mo sì rí i pé omi ń sún mọ́ wa ju Jídà lọ. Mo ti ọ̀pá epo padà síwájú. Tó bá jẹ́ lọ́rì ni, tẹ́ ẹ bá ti kó gíá padà sí i, yíyí táyà á jí ẹ́ńjìnnì. Táyà bàálù kì í fẹsẹ̀ kan nǹkan kan lójú òfuurufú. Mo tì í, mo fà á, mo pe Ọlọ́run, mo pe bàbá mi tó ti kú, mo gbàgbé pé sítátà ń bẹ. Omi bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ká ẹsẹ̀ mi sókè lórí àga kí sílípáàsì mi má bàa tutù?

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo gba mọ́sáláṣí lọ, mo kírun Alàásárì níwájú, lẹ́yìn lèmọ́ọ̀mù gan-an. Ẹ wo ojú tó dá.

Sátidé dé, ilé kún. Abdulkabir tan kọ̀ǹpútà, a ò rí Pọ́ọ̀tù Sùdáànì, omi la rí. Kọ̀ǹpútà ti rántí. Ó tún kọ ọ́ sójú pé Ọjọ́bọ̀ lọ́sàn-án ló ṣẹlẹ̀. Abdulkabir wá béèrè ẹni tó wọ yàrá náà. Àlímátù ní òun ò sí nílé, Lubabah wà ní iléèwé. Mo yanu, mo tún pa á dé. Àfúsá, aládùúgbò wa tó wá bá wa jẹ ẹ̀pà, ló ní òun rí Mùs'áb tó yà síbí lọ́jọ́bọ̀. Mùs'áb ò jiyàn, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun gbé wá, òun fi lé Bàbá lọ́wọ́, òun sì lọ. Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn òótọ́ kan péré ni ǹ bá sọ, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Mo ní lóòótọ́ ló gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, àmọ́ mo wọlé lọ sùn, mi ò mọ ìgbà tó lọ. Irọ́ tó mọ́ tónítóní bí agbádá Ìléyá. Abdulkabir bá gbaná jẹ. Ó ní Mùs'áb fẹ́ dá nìkan dé Jídà, ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Mùs'áb búra pé òun kọ́.

Èyí tó burú jù ló wá tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí èmi bàbá dá sí i. Mo húkọ́, mo tún fìlà mi ṣe. Mo ní, "Mùs'áb, òótọ́ dà bí ìyá, ó lè nà ọ́, kò ní pa ọ́. Sọ ọ́."

Mùs'áb yí sí tábìlì. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wo ìparí ìrìn náà, ó rí i pé ṣe lẹni tó wà á fọwọ́ ara ẹ̀ ti epo pa lójú ìsọ̀kalẹ̀. Ó yíjú, ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni."

Mo gbà á o! Mo ní kó dìde. Mo ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fọ ọkàn ẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ṣe àmín, èmi ọ̀daràn náà ṣe àmín. Abdulkabir ní ẹni tó kọ́kọ́ búra tó tún wá jẹ́wọ́ ò lè fẹ́ àbúrò òun. Mo mi orí, mo ní ká fi yìgì náà rọ̀ ná, ká wòye ìwà ọmọ yìí.

Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti rìn dé Láfẹ́nwá, ó sì ti sanra lọ́nà. Wọ́n ní Mùs'áb máa ń wọlé onílé tí wọn ò bá sí níbẹ̀. Lubabah ò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ọmọ tó máa ń fi mí ṣeré, tó máa ń ní kí dírẹ́bà òun rọra jẹun kó má lọ tàkìtì, á kàn kúnlẹ̀ gbé abọ́ kalẹ̀, á ní ẹ jẹun o, á sì lọ. Yàrá ẹ̀yìn wà ní títì. Abdulkabir ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo gbéra lọ sí Kọ́bapẹ́. Mo bá Mùs'áb lẹ́nu iṣẹ́, mo bi í pé kí ló dé tó gba ohun tí ò ṣe. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí. Ó ní, "Bàbá, èmi àti Abdulkabir ò wa lọ́rì rí. Ta ló kù nílé yẹn tó máa fi bàálù sí fíríì?" Ó ní kí lòun ì bá sọ, ṣé kóun wá pe bàbá ìyàwó òun ní onírọ́ lójú àlejò? Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo máa pàṣẹ fún Abdulkabir pé kó dárí jì í. Ó mi orí. Ó ní òun ò fẹ́ ìdáríjì ohun tóun ò ṣe. Lubabah ti bi òun léèrè, òun ò lè purọ́ fún un, òun ò sì lè tú àṣírí bàbá ẹ̀, ló bá di pé òun kì í gbé fóònù ẹ̀ mọ́. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀, ó ra àgbàdo sísun fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́ títí mo fi délé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bá a ṣe kírun Mọ̀gàrìbì tán, mo ní kí gbogbo wọn jókòó, mo tú u palẹ̀. Abdulkabir dorí kodò. Àlímátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Abdulkabir, epo wo lẹ ń ṣọ́? Ṣebí iná ni kọ̀ǹpútà ń jẹ." Ẹ gbọ́, mo fi Ọlọ́run búra, kò wá sí mi lọ́kàn rí! Mo da bàálù sómi torí epo tí kò sí níbì kankan láyé. Àlímátù rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí ẹ̀, Abdulkabir náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde láìwọ bàtà, ó lọ bẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti tún gbéra láti Èkó báyìí. Wọ́n jẹ́ kí n di sítíárìn mú dé Ìlọrin, àmọ́ okùn ni wọ́n fi so ọ̀pá epo mọ́lẹ̀ kí n tó jókòó.

Lubabah nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Bàbá mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ilé kọ́ ni wọ́n ti ba orúkọ ẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ níta lèmi máa tó mú ọjọ́ yìgì."

Ìdí tí mo fi ń bá yín sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, tí nǹkan ọmọdé bá wù yín, ẹ béèrè, ẹnu ò ní bó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tẹ́ ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń wàásù òótọ́ jù, ẹ bi í pé ibo ló wà lọ́jọ́bọ̀. Ẹ bá mi bẹ Mùs'áb. Ẹni tó bá pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà Kọ́bapẹ́, kó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọmọlúàbí, kó sì sọ fún un pé bàbá ìyàwó ẹ̀ ti jẹ́wọ́ fáráyé. Lubabah, ọmọ mi, níta ni mo dúró sí yìí, gbogbo Kemta ló ń wò mí. Mú ọjọ́.